Ìṣísẹ̀ Mẹ́wàá Lẹ́yìn Mùínàt

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2021, Tàjùdéèn alágbàfọ̀ kú nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé kan ní Al-Sabeel, ní ìlú Jẹ́dà. Ọkùnrin tó wá kọ orúkọ òkú bi ọmọbìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pé kí ni olóògbé jẹ́ sí i. Ọmọbìnrin náà ní aládùúgbò òun ni. Ọmọ olóògbé náà ni. Kò bí òmíràn.

Màrúf wà lẹ́yìn ọmọbìnrin náà nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ ọ, kò sì lè bá a wí, nítorí pé bí wọ́n bá bi òun náà, ohun kan náà ni ì bá sọ. Bí ẹ̀rù ṣe lè mú kí ọmọ sẹ́ baba rẹ̀ lójú òkú, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀.

Màrúf jẹ́ ọmọ Ìwó. Ẹ̀kọ́ òfin Ìsìláàmù ló gbé e dé Mẹ́kà. Kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù tó ìwé tó ní òǹtẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá kàn wò ó lójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà nínú àpò, á ti máa wá ìkámà, ìwé ìgbélùú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ó wọ ọkọ̀ láti Mẹ́kà lọ sí Jẹ́dà láti lọ fẹsẹ̀ rìn yí Al-Balad ká. Ìlú àtijọ́ ni Al-Balad. Òkúta tí wọ́n gé láti inú òkun ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé ibẹ̀, fèrèsé onígi wọn sì yọ síta lára ògiri bí àpótí tí wọ́n gbé kọ́ sókè. Màrúf ti kà nípa wọn, ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí wọn kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó parí. Ohun tó bá wá kò ju ìyẹn lọ.

Àlàájà Jelilat, ará Ìwó bíi tirẹ̀, tó ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀, ló ní kò gbọdọ̀ dá rìn.

"Ìwọ nìkan? Wàá sọnù. Ọ̀nà ibẹ̀ lọ́ bí ìfun ewúrẹ́."

"Àlàájà, mo ní máàpù lórí fóònù."

"Máàpù ò mọ ibi tí ọlọ́pàá máa ń dúró sí. Mùínàt mọ̀ ọ́n."

Mùínàt ni ọmọbìnrin tó ń bá Àlàájà rán etí aṣọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Jẹ́dà ni wọ́n bí i sí, kò sì tíì kúrò níbẹ̀ rí. Abáyà dúdú ló wọ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi òwú àwọ̀ ewé gba etí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò jókòó kí ó tó ka òfin rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi á máa lọ níwájú. Ẹ̀yin á wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn. Ẹ má sáré bá mi. Fóònù la máa fi sọ̀rọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá dá yín dúró, ẹ ò mọ̀ mí."

"Kí ló dé tí mi ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́?"

"Ẹni tí kò mọ̀ mí, kò sẹ́ni tó máa ní kó wá ṣàlàyé mi."

Wọ́n rìn bẹ́ẹ̀. Màrúf fi wáyà fóònù sí etí, ohùn ọmọbìnrin náà sì wà nínú orí rẹ̀, nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ níwájú láàárín àwọn tó ń ta tùràrí àti àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù.

"Ilé kẹta lọ́wọ́ òsì yín. Ẹ wo òkè. Àwọn obìnrin ilé ń wo ìta láti inú fèrèsé yẹn, ará ìta ò sì lè rí wọn."

"Bí ìwọ," ni Màrúf wí.

Mùínàt fi èdè Lárúbáwá dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ kọ́ ló gbé òun wá, ilé ni. Màrúf náà fi Lárúbáwá fèsì, Lárúbáwá inú ìwé, èyí tó gún régé. Èjìká ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì níwájú rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Ùsítáàsì, yáàní, bí ẹni ń ka kùtúbà Jímọ̀ lẹ ṣe ń sọ ọ́. Tí ẹ bá fi eléyìí ra búrẹ́dì, ebi á ti pa yín kí gbólóhùn tó parí."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Ùsítáàsì.

Màrúf ṣàkíyèsí ohun kan. Ọmọbìnrin náà kì í gba ojú ọ̀nà gbọọrọ. Bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n dé ojúde, á yà sínú kọ̀rọ̀, á gba ẹ̀yìn ilé méjì, á sì yọ sí ibi tó yẹ kí wọ́n ti yọ tẹ́lẹ̀.

"Kí ló dé tí a ò gba títì?"

"Ọkọ̀ jáwásàtì máa ń wà níbẹ̀."

Jáwásàtì ni àwọn tó ń yẹ ìwé àlejò wò. Màrúf bi í bóyá kò ní ìkámà ni.

"Mo ní."

"Kí wá lò ń bẹ̀rù?"

Ó ní kí ó wo igi kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ńlá kan.

Màrúf padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì tún wá ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Kò sí ilé tó kù láti rí mọ́, wọ́n tún ń rí i. Ní oṣù kẹta, àrùn Kòrónà dé, wọ́n ti ọ̀nà Mẹ́kà pa. Oṣù mẹ́ta ni Màrúf fi jókòó sínú yàrá tó ń gbọ́ ohùn láìrí ẹ̀yìn ẹni tó ni ín. Ìgbà náà ló mọ̀ pé kì í ṣe ilé òkúta ló ń wá kiri.

Ó pe ìyá rẹ̀ ní Ìwó. Ìyá gbọ́ ọ tán.

"Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, Màrúf. Ilé wo lo wò níbẹ̀?"

"Ọmọ Yorùbá ni, Ìyá. Ọmọ Mùsùlùmí ni."

"Ó gbọ́ Yorùbá?"

"Ó gbọ́ ọ. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé."

"Ta ni bàbá rẹ̀?"

Màrúf ní òun kò tíì mọ̀ ọ́n. Ìyá ní kí ó lọ mọ̀ ọ́n kí ó tó tún pe òun.

Àlàájà Jelilat ló ṣe alárinà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sí Al-Sabeel. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí ọmọkùnrin náà wá. Oṣù kejì ọdún 2021 ni.

Ilé alájà méjì ni, ó ti gbó. Alágbàfọ̀ kan wà ní yàrá ìsàlẹ̀, oru áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ń yọ síta. Àlàájà Jelilat mú Màrúf kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n gun òkè. Àlàájì Síkírù jókòó lórí tìmùtìmù lókè, ọkùnrin gbẹdẹmukẹ kan tó ń wa ọkọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan, tí ìwé rẹ̀ pé. Màrúf dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọmọ. Mẹ́kà lo ti wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi ṣe aya ni, sà."

"Nígbà tó o bá kàwé tán ńkọ́? Ìwó lò ń gbé e lọ? Ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gúnyán?"

Ohùn Mùínàt wá láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. "Mo mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀fun Màrúf ti gbẹ. Àkókò náà ni alágbàfọ̀ ìsàlẹ̀ wọlé, aṣọ tó ti lọ tán wà ní apá rẹ̀. Ó rù, ó sì ń wúkọ́. Dípò kí ó gbé aṣọ kalẹ̀ kí ó máa lọ, ó dúró, ó ń wo ojú Màrúf. Màrúf rò pé ó ń retí iṣẹ́ ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi."

Àlàájà Jelilat wo ilẹ̀. Síkírù ya ẹnu, ó tún pa á dé. Ọkùnrin náà gbé aṣọ kalẹ̀, ó jáde, ó sì gbé omi wá nínú ife onírin kan. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún un, ó tẹríba díẹ̀. Màrúf gbà á, ó mu ún.

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Kò tọ́pẹ́," ni ọkùnrin náà wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún wà ní Al-Balad, òun lẹ́yìn, Mùínàt níwájú.

"Ùsítáàsì. Omi ọjọ́sí, ṣé ó tutù?"

"Omi wo?"

"Èyí tí ẹ rán bàbá mi."

Màrúf dúró gbagidi.

"Ẹ má dúró," ni ohùn náà wí ní etí rẹ̀. "Ẹni tó bá dúró ni wọ́n máa ń wò. Ẹ máa bọ̀. Mo máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní tún un sọ."

Ó sì sọ ọ́, láìbojúwẹ̀yìn. Ní ọdún 1996 ni Tàjùdéèn bá àwọn tó ń lọ Hájì wá, kò sì bá wọn padà. Kìfáyàtù, ìyàwó rẹ̀, tẹ̀ lé e ní ọdún kejì. Àwọn méjèèjì kò ní ìwé. Nígbà tí wọ́n bí Mùínàt, ọmọ tí kò ní ìwé kò ní lè lọ ilé ẹ̀kọ́, kò ní lè lọ ilé ìwòsàn. Síkírù ọ̀rẹ́ wọn ní ìwé, ìyàwó tirẹ̀ sì wà nílé. Ọjọ́ kẹta ọmọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní orúkọ Síkírù, bí ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí.

"Wọ́n kọ́ mi kí n máa pè é ní Bàbá Alágbàfọ̀, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é. Tí ilẹ̀kùn bá tì nìkan ni mo lè pè é ní bàbá mi. Mo ti pe méjèèjì kí n tó lé eyín tán. Mi ò ṣì í pè rí."

"Tí àṣírí bá tú ńkọ́?"

"Wọ́n á mú Àlàájì Síkírù. Wọ́n á gba ìkámà lọ́wọ́ mi. Bàbá mi àti màmá mi á lọ sí tàríìlì, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí kò ní ìwé sí kí wọ́n tó dá wọn padà sílé. Ẹ ti mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù báyìí. Kàláásì, ó tán. Igi yẹn rèé, ẹ wò ó."

Màrúf padà sí Mẹ́kà, kò lè ka ìwé. Omi ọjọ́ náà ń dun ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe àna, ó sì ti rán àna níṣẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà tó burú jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ tó wá kọ́ ló sì fi hàn án. Walí ọmọbìnrin, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í fọ́kọ, bàbá tó bí i ni. Bí Síkírù bá fi Mùínàt fún un, àwọn adájọ́ á gbà á, ìwé á gbà á, yìgì náà kò sì ní so. Á máa gbé pẹ̀lú obìnrin tí kì í ṣe aya rẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Bó bá sì ní dandan bàbá tó bí i ni kí ó jáde, òun ni yóò ti gbogbo ilé náà sọ́wọ́ jáwásàtì. Bí ó ti ń rìn láti àdúgbò rẹ̀, Ash-Shubaikah, lọ sí Háráàmù, mọ́sáláásí mímọ́ Mẹ́kà, ó rò ó pé bóyá kí òun dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ó wò ó pé ibi tí òun ti ń ro irú èrò bẹ́ẹ̀ nìyí, ẹ̀rù sì bà á.

Ó padà lọ sí Al-Sabeel. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gun òkè. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú tábìlì ìlọṣọ.

Tàjùdéèn kò gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Dìde. Aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀ níbẹ̀, wàá bà á jẹ́."

"Bàbá, ẹ dárí jì mí."

"Omi tí mo bù fún ọ, ṣé o mu ún tán?"

"Mo mu ún tán, sà."

"Ó dáa. Mo rò pé ìwọ á tún ní kí n bu òmíràn." Ó wúkọ́, ó sì nu ẹnu. "Kí lo bá wá?"

Síkírù ti gbọ́ ohùn wọn, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Màrúf bá àwọn méjèèjì sọ ọ́. Ó ní ọ̀nà kan wà tí òfin gbà. Bàbá lè fi àṣẹ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Kí Bàbá sọ gbólóhùn kan nínú yàrá yìí pé Síkírù ni kí ó bá òun fi ọmọ òun fọ́kọ. Síkírù á wá ṣe ìyókù níta pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Yìgì á so, ẹ̀rù ò sì ní ba ẹnikẹ́ni.

"Ó mọ́gbọ́n wá," ni Síkírù wí.

"Rárá," ni Tàjùdéèn wí.

"Tàjù."

"Mo ní rárá. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Mo ti gbé e fún ọ lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n bí i. Mi ò ní gbé e fún ọ lẹ́ẹ̀kejì."

Ojú Síkírù yí padà. "Ṣé mo fi ìyà jẹ ẹ́ ni? Ta ló ń bá a lọ sí ilé ẹ̀kọ́? Ta ló ń fọwọ́ sí ìwé rẹ̀?"

"Ìwọ ni. O ṣe é ju bí mo ṣe lè ṣe é lọ. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn." Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ẹnu mi ni mo máa fi fi í fọ́kọ, Síkírù. Nínú mọ́sáláásí. Kì í ṣe nínú ihò yìí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ olè."

"Bí wọ́n bá mú yín lọ́nà ńkọ́, Bàbá?" ni Màrúf bèèrè.

"Ìwọ ni ẹ̀rù yẹn ń bà, tàbí èmi?"

Síkírù ti ń gun òkè padà. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ pa ara wọn, kí wọ́n má fi orúkọ òun ṣe é, ó sì ní òun kò fẹ́ rí ọmọ Ìwó kankan nínú ilé náà mọ́.

Oṣù méje kọjá. Mùínàt ṣì ń gbé fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ dín kù. Ó ní bàbá òun kì í jẹun dáadáa mọ́. Màrúf bi í bóyá kò lè lọ ilé ìwòsàn. Ó ní wọ́n ti sọ fún un pé wọ́n ń tọ́jú ènìyàn láìbèèrè ìwé, kò gbà wọ́n gbọ́. Ní oṣù kẹwàá, ó pè é, ó ní wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri ilé wọn pé kí gbogbo ènìyàn jáde, pé wọ́n máa wó àdúgbò náà.

"Níbo lẹ máa lọ?"

"Àlàájì Síkírù ti rí ilé. Ẹni tó ni ilé ń bèèrè ìwé gbogbo ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Ùsítáàsì, mo ń bẹ̀rù."

Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà báyẹn rí.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, Màrúf rí Síkírù fúnra rẹ̀ níwájú ilé ìtura kan ní Ash-Shubaikah. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Àgbàlagbà tó lé e jáde ló wá di alárinà.

"Ọkùnrin yẹn ò lè pẹ́ mọ́," ni Síkírù wí. "Ó sì ní òun ò ní kú kí òun tó ṣe é. Wá gba ìyàwó rẹ. Èmi ni ẹlẹ́rìí kan. Jibril, ọkọ Jelilat, ni èkejì."

"Àlàájì, orúkọ yín ńkọ́?"

"Mo ti lò ó fún ọmọ náà láti ọdún méjìlélógún. Kò tíì gbó."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, ni wọ́n mú. Jibril fẹ́ fi ọkọ̀ gbé Tàjùdéèn, ó kọ̀ ọ́. Ó ní inú ọkọ̀ ni wọ́n ti máa ń mú ènìyàn, ẹlẹ́sẹ̀ lè yà. Ó wọ aṣọ funfun tó lọ fúnra rẹ̀. Kò tíì kọjá ẹ̀yìn Al-Sabeel láti ọdún mọ́kànlá. Lẹ́yìn Áílà, wọ́n jáde. Mùínàt wà níwájú, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, Màrúf sì tẹ̀ lé bàbá ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ẹni tó bá rí wọn kò ní mọ̀ pé ìyàwó ń lọ síbi yìgì ni.

Ìrìn tó yẹ kó gba ìdajì wákàtí gba wákàtí méjì. Bàbá ń dúró, ó ń mí, ó ń wo ṣọ́ọ̀bù tí kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n wọ Al-Balad, Mùínàt ti yà sí kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ bàbá, ó gba tààrà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ọlọ́pàá wà. Àwọn méjì dúró ti ọkọ̀ náà, wọ́n ń yẹ ìwé wò.

Bí ó bá yí padà, wọ́n á rí i. Bí ó bá lọ síwájú, wọ́n á bi í. Ikọ́ mú un, ó sì di ògiri mú. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá gbé orí sókè.

"Yáà Rábì," ni Mùínàt wí ní etí Màrúf. Ohùn rẹ̀ kéré bí ohùn ọmọdé.

Màrúf kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó kọjá lára bàbá láìwò ó, ó lọ bá àwọn ọlọ́pàá náà tààrà, ó kí wọn kíkí gígùn, ó sì fi Lárúbáwá inú ìwé sọ pé àlejò ni òun, ìlú àtijọ́ wọn tó lókìkí ló wu òun láti fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn, òun sì bẹ àwọn olùṣọ́ ọlọ́lá kí wọ́n tọ́ òun sí ọ̀nà tó tọ́.

Ọlọ́pàá náà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Nawaf, wá gbọ́. Ìmáàmù ti sọ̀kalẹ̀ láti orí mínbárì."

Nawaf wá. "Ìkámà."

Màrúf mú un jáde. Nawaf yẹ̀ ẹ́ wò. Màrúf kò jẹ́ kó sinmi. Ó bi í ní ilé tó gbó jù. Ó bi í ní ibi tí ẹnu ibodè àtijọ́ wà. Ó bi í pé, ṣé igi kan kò wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ńlá kan, igi tí òun ti rí ní ogójì ìgbà. Nawaf mú máàpù oníbébà kan láti inú ọkọ̀, irú èyí tí wọ́n ń fún àlejò, ó fi ìka hàn án níbí àti lọ́hùn-ún.

"Gbà, máa mú un lọ, Ìmáàmù. Jẹ́ kí etí wa sinmi."

"Bàbá ti kọjá," ni ohùn tó wà ní etí rẹ̀ wí. "Ẹ má sáré. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sáré."

Nínú mọ́sáláásí kékeré kan ní Al-Balad, lẹ́yìn Àlàásárì, Tàjùdéèn fẹ̀yìn ti òpó. Kìfáyàtù àti Àlàájà Jelilat wà lọ́dọ̀ Mùínàt ní apá àwọn obìnrin. Síkírù àti Jibril jókòó lọ́tùn-ún àti lósì. Wọ́n bi ìyàwó ní sàdáákì tó fẹ́. Ó ní bàtà kan ni, èyí tí òun lè fi rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ òun, kì í ṣe níwájú rẹ̀.

Tàjùdéèn di ọwọ́ Màrúf mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná.

"Èmi Tàjùdéèn ọmọ Bùsàrí, ará Ìsẹ́yìn, mo fi ọmọ mi Mùínàt, ọmọ tí èmi fúnra mi bí, fún ọ ní aya."

"Mo gbà á," ni Màrúf wí.

Ó tún un sọ ní èdè Lárúbáwá. Màrúf gbà á. Ó sì tún un sọ ní Yorùbá lẹ́ẹ̀kejì.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan ti tó," ni Jibril rọra wí.

"Mo mọ̀. Ìyẹn wà fún tèmi."

Síkírù ṣí fìlà, ó tún un dé. Tàjùdéèn ní kí wọ́n fún òun ní máàpù ọlọ́pàá, kí òun rí ibi tí òun gbà. Lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wọ bàtà, Mùínàt di apá rẹ̀ mú.

"Bàbá mi," ni ó wí, níta gbangba, "ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ọkùnrin náà dúró bí ẹni tí wọ́n pè láti ọ̀nà jíjìn. Jibril ló fi ọkọ̀ gbé e padà, kò kọ̀ ọ́ mọ́.

Tàjùdéèn lo ọjọ́ méjìlélógún lẹ́yìn náà. Kò yé lọ aṣọ títí di ọjọ́ tó ṣáájú ikú. Nígbà tí ẹni tó ń kọ orúkọ òkú dé, Síkírù wà níbẹ̀, ìwé tó sọ ọ́ di bàbá wà nínú àpò rẹ̀. Mùínàt wo Síkírù. Ó wo ìyá rẹ̀ tó sápamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní aládùúgbò òun ni.

Wọ́n sin ín. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n wó ilé náà. Mùínàt jókòó lábẹ́ tábìlì ìlọṣọ, kò fẹ́ jẹun.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo pè é níta," ni ó wí. "Mo sì tún gba orúkọ náà padà."

Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í. Ẹ̀rù ń ba òun náà. Ọmọ tí wọ́n bá bí, orúkọ ta ni wọ́n á pè ní bàbá àgbà rẹ̀? Ohun tó mọ̀ ni èyí tí wọ́n kọ́ ọ. Òfin ní kí a kọ ohun tí òkú fi sílẹ̀, kí a sì kọ àwọn tó jogún rẹ̀. Ọ́fíìsì kankan kò ní rí ìwé náà. Ó ya bébà kan, ó mú bírò.

"Ẹ kọ gbogbo rẹ̀," ni Mùínàt wí. "Ẹ má fo ohunkóhun."

Ohun tí Tàjùdéèn ọmọ Bùsàrí fi sílẹ̀ ní Al-Sabeel:

Áyọ́ọ̀nù méjì, ọ̀kan ti jó.

Tábìlì ìlọṣọ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.

Aṣọ àwọn oníbàárà, mẹ́rìnlá, ó ti lọ gbogbo wọn. Kì í ṣe tirẹ̀. Kí a dá wọn padà.

Ìwé ìrìnnà kan, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá láti ọdún 2001.

Aṣọ funfun tuntun méjì tí a fi ń wọ Mẹ́kà, ó ti lọ wọ́n, ó ti ká wọn, kò tíì ró wọn.

Bàtà kan, ó ti jẹ ní gìgísẹ̀.

Ife onírin kan.

Máàpù Jẹ́dà àtijọ́ kan, a fi bírò fa ìlà láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé mọ́sáláásí.

Àbúrò kan ní Ìsẹ́yìn, bó bá ṣì wà láàyè.

Ìyàwó kan, Kìfáyàtù.

Ọmọ kan, obìnrin. Mùínàt, ọmọ Tàjùdéèn.